Jẹ̀lílì Kọ Ayò Àánú

Bí o bá ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ Jẹ̀lílì, tí o wá lọ ṣe ọdún kan gbáko ní Kpalimé kí o tó padà sí Lomé, bọ́tìnnì yẹn ni yóò kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè. Yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wù ọ̀hún ṣì wà. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ìyá rẹ, yóò pe ìyá náà lórúkọ, yóò béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, yóò sì rántí bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí tòsì. Bí orí ọkùnrin náà ṣe rí nìyẹn. Abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí àti àgádágodo ló ń tà ní Asígámé, ọjà ńlá Lomé, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé ọkùnrin yìí kì í ta wọ́sìwọ́sì, èèyàn ló ń kó jọ.

Ọmọ Ọ̀fà ni. Ìgbà tí àwọn Jámánì ṣì wà ní Tógò ló tẹ̀lé Àlíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wá sí Lomé, tòun ti igbá ìlẹ̀kẹ̀ lórí. Àwọn Jámánì lọ, àwọn Faransé dé, orúkọ òpópónà yí padà, owó tí wọ́n ń ná yí padà, Jẹ̀lílì kò kúrò nídìí igbá rẹ̀. Ó fẹ́ Modúpẹ́, ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Lomé. Wọ́n bí Sàdíátù, wọ́n bí Ádámù. Ó kọ́ èdè Mina lẹ́nu àwọn oníbàárà, ó kọ́ Haúsá lẹ́nu àwọn ará Zongo, ó sì gbọ́ Faransé tó tó láti fi kí sójà kí ó sì fi sá fún un.

Lẹ́yìn ọjà, abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Anagokomé ni wọ́n ti máa ń ta ayò. Ọ̀ta ni Jẹ̀lílì níbẹ̀, ìyẹn ni pé àgbà òṣèré ni, ẹni tí wọ́n ń sá fún. Ẹ ó sì mọ̀ bí ìdí ọpọ́n ayò ṣe rí láàárín àwọn Yorùbá: kò sí àgbà níbẹ̀, kò sí ọmọdé, ọ̀ta àti ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, nìkan ló wà. Ẹni tó bá pa ẹnìkejì rẹ̀ láyò yóò bú u, yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kódà bó jẹ́ bàbá ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bú kì í bínú. Jẹ̀lílì mọ èébú orí ayò tó pọ̀ débi pé àwọn kan kì í ta, ṣe ni wọ́n kàn máa ń wá jókòó gbọ́.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, tó ku ọdún díẹ̀ kí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀, Jẹ̀lílì na ọwọ́ mú dígí fún oníbàárà kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kọ̀, kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Dígí já bọ́, ó fọ́. Òun náà tẹ̀lé e, ó ṣubú sáàárín ẹrù rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbé e padà wálé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹsẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n díẹ̀, ẹnu tó ti yí sápá kan ti padà sáyè rẹ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Modúpẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì pín sààráà.

Ohun tí kò bá a padà wálé ni orúkọ. Bó bá rí ojú èèyàn, ó mọ ojú, ó mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn onítọ̀hún tàbí òun kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò ní wá. Orúkọ nǹkan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn na ọwọ́ sí pẹpẹ nínú ilé ara rẹ̀, tó mọ̀ dájú pé ibẹ̀ ni ife wà, tí ọwọ́ sì bá afẹ́fẹ́. Èyí tó dùn ún jù ni ti Sàdíátù, àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ náà á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á kí i. Bàbá á la ẹnu, á wò ó títí, á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ "ìyá yìí". Sàdíátù á rẹ́rìn-ín, á dé ẹ̀yìn ilé, á fi etí ìró nu ojú.

Modúpẹ́ kì í ṣe obìnrin tó ń káwọ́ lẹ́rán. Ó ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí bàbá wá ọ̀rọ̀ tì. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kí ẹni tó bá wà nítòsí bá a parí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dé ọjà, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan, ariwo kò gbọdọ̀ dé etí rẹ̀. Ní ti ayò, ó kó gbogbo àwọn tó ń wá sábẹ́ igi fúrúùtù jọ nígbà tí Jẹ̀lílì ń sùn lọ́sàn-án, ó ní ẹni tó bá pa ọkọ òun láyò, òun náà á pa onítọ̀hún. Wọ́n mọ̀ pé kò ṣeré.

Ìfẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ obìnrin náà. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́, àánú náà sì ní àṣejù tirẹ̀. Bí Jẹ̀lílì bá jókòó sídìí ọpọ́n, àwọn ọkùnrin tó jẹ́ kìnnìún níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di àgùntàn. Wọ́n á kó ọmọ ayò wọn sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á ṣe èyí tó jù ú lọ. Wọ́n á ní, "Ọ̀ta ni yín, Bàbá," wọ́n á dìde, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó bú u mọ́. Inú ilé náà ńkọ́? Bó bá ní "Ẹ bá mi gbé...", wọ́n ti gbé e dé. Bó bá ní "Ó dà bíi pé...", Ádámù ti sọ ohun tó dà bíi pé ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa dé, Jẹ̀lílì kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ni ká sọ̀rọ̀ fún nígbà tí àwọn ará ilé ti ń bá a sọ ọ́?

Àlíù ni olórí àwọn ará Ọ̀fà ní Lomé nígbà náà, arúgbó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ọkàn rẹ̀ sì dára. Ó wá kí àbúrò rẹ̀, ó jókòó tì í, ó wo bó ṣe dákẹ́. Nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó sọ èrò rẹ̀ fún Modúpẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní ọkùnrin tí kò lè pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ mọ́, ilé bàbá rẹ̀ ló yẹ kó wà. Bí Iléyá bá ti kọjá, òun á bá awakọ̀ tó ń gba Cotonou lọ sí Nàìjíríà sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀fà, sọ́dọ̀ àbúrò Jẹ̀lílì obìnrin. Modúpẹ́ ní láti dúró nídìí ọjà, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ gbogbo wọn ti ń wá.

Jẹ̀lílì ń gbọ́ wọn láti inú yàrá. Ó dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ ló tò sí i lọ́kàn. Ó fẹ́ sọ pé Lomé lòun ti lo ayé òun, pé àwọn tó mọ òun ní Ọ̀fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, pé ibi tí Modúpẹ́ bá wà ni ilé òun. Ó fẹ́ sọ pé òun kò lọ. Ó la ẹnu.

"Mi ò..."

Ọ̀rọ̀ tó kù kò wá. Modúpẹ́ sì yára bá a parí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. "Ó ní òun ò ní ìṣòro kankan sí i, Bàbá wa."

Àlíù mi orí, ó gbàdúrà fún wọn, ó bọ́ sọ́nà. Jẹ̀lílì padà sínú yàrá, ó kọjú sí ògiri. Ó bínú sí Modúpẹ́ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe bínú sí i rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ, kò sì ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ fún un. Obìnrin náà rò pé oorun ló ń kùn ún. Ó fi aṣọ bò ó.

Ọlọ́run wá rán ẹnì kan sí wọn tí kò mọ òfin. Àyàndá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ ti Tógò, láti apá Atakpamé, tíṣà ní ilé ìwé kan lọ́nà Tokoin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan nínú ilé tó tẹ̀lé tiwọn. Lọ́jọ́ tó kó dé, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó rí ọpọ́n ayò, ó rí bàbá tó jókòó tì í, inú rẹ̀ dùn. Ó kí i, "Bonsoir, Bàbá," ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tọrọ ààyè láti jókòó. Modúpẹ́ wà lọ́jà. Ádámù àti àwọn ọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ fi ojú sọ̀rọ̀ fún un títí. Àlejò kì í mọ èdè ojú.

Àyàndá ta ayò bí wọ́n ṣe ń ta á ní Atakpamé, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó jẹ bàbá ní apá ọ̀tún, ó jẹ ẹ́ ní apá òsì, ó pa á. Wọ́n tún un tò, ó tún un pa. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kẹta, ó ṣe ohun tí àṣà ní kó ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu itan, ó ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín ní ayò? Ẹ lọ bá a jà."

Ẹnì kan ti sáré gba ọ̀nà ọjà lọ pe Modúpẹ́.

Ooru kan gun orí Jẹ̀lílì. Ṣebí láti ìgbà tí òun ti dìde lórí àìsàn, òun kò tíì pàdánù ẹyọ kan? Òun tí òun pa Ádámù, tí òun pa àwọn àgbà ọ̀jẹ̀, báwo ni ọmọ yìí ṣe ń kó òun bí ẹni ń kó àgbàdo? Ó wo ọpọ́n. Ó wá wo Ádámù, Ádámù wo ilẹ̀. Ó wo èkejì, ìyẹn náà wo ilẹ̀. Ó yé e.

"Ẹ ti ń..." ó ní.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó dúró kí wọ́n bá a sọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ yẹn? Ìtìjú ti dí gbogbo wọn lẹ́nu. Jẹ̀lílì nìkan ló kù tó lè wá a. Ó wá a. Ó ti ahọ́n síbí, ó ti ahọ́n sọ́hùn-ún, òógùn bọ́ sí i lójú, ó pa ojú dé. Ó pẹ́ gan-an.

"...tàn mí," ó ní. "Ẹ ti ń tàn mí."

Ó bínú débi pé kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó wọlé, tó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Òun fúnra òun ló parí gbólóhùn yẹn. Kò tíì parí ẹyọ kan láti ìgbà ọyẹ́.

Modúpẹ́ dé, ó sì bá tíṣà náà fà á. Ó bi í bóyá ó ti gbọ́ pé ọkọ òun ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, bóyá ó fẹ́ kó tún ṣubú. Àyàndá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun kò mọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ tinútinú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ gbogbo òfin tí obìnrin náà ti ṣe, ó yọ́ ọ̀rọ̀ kan sọ.

"Ìyá, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àánú àwọn ọmọ tí kò tètè mọ nǹkan máa ń ṣe mí. Bí wọ́n bá ti ń wá ìdáhùn, mo máa ń bá wọn sọ ọ́. Nígbà tí ọdún fi parí, èmi nìkan ló mọ̀wé ní kíláàsì náà."

Modúpẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Jẹ̀lílì láti inú yàrá, tó ń fa ọ̀rọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ọmọ náà padà wá.

Bí ilé ìwé arúgbó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lábẹ́ igi fúrúùtù. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Àyàndá ń wá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń pa Jẹ̀lílì. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Orí máa ń fọ́ ọkùnrin náà. Bó bá fẹ́ ka iye ọmọ ayò tó wà nílé kan, ìyẹn ihò kan lórí ọpọ́n, á gbàgbé ibi tó ka dé. Bó bá rí ọ̀nà tó lè gbà jẹ, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀, ọ̀nà ti sá lọ. Ó ti ju ọmọ ayò lu igi rí. Ó ti sunkún rí, ẹkún àgbàlagbà tí kì í dún. Lọ́jọ́ kejì á tún jókòó. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ dá ọgbọ́n kan. Ihò mẹ́fà ló wà níwájú ẹni tó ń ta ayò. Ó ní kí Ádámù ka orúkọ àwọn èèyàn kan fún òun, àwọn tí orúkọ wọn máa ń sá fún òun jù. Ihò àkọ́kọ́ ó sọ ní Modúpẹ́, èyí tó tẹ̀lé e ó sọ ní Sàdíátù, ẹ̀kẹta Ádámù. Ó sọ mẹ́ta tó kù ní Àlíù, Àyàndá, àti Thérèse, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ tó ń rán tìmùtìmù. Bó ṣe ń fi ọmọ ayò sílé kọ̀ọ̀kan ló ń pe orúkọ onílé. Lẹ́ẹ̀kan péré ni Ádámù gbọ́dọ̀ kà á fún un lójúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí gbogbo ènìyàn pa ẹnu mọ́. Bí Àyàndá bá jẹ ilé kan, Jẹ̀lílì á fárígá, "O ti jẹ... o ti jẹ Ádámù mi!" Ádámù fúnra rẹ̀ á dìde, á ní òun ṣì wà. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi náà.

Modúpẹ́ kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń wò wọ́n. Ó rí i pé ọkọ òun ti ń jẹun dáadáa. Ó rí i pé ó ń bi òun ní ìbéèrè. Nígbà tí Jẹ̀lílì ní òun fẹ́ dé ìdí ọjà, ó jiyàn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá jẹ́ kó tẹ̀lé òun. Àdéhùn kan ni Jẹ̀lílì bá a ṣe lójú ọ̀nà: òun á wá ọ̀rọ̀ òun fúnra òun, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Thérèse ló kọ́kọ́ wá lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn láti rí bàbá, ó kí i ní Mina, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ fún un láti ọdún pípẹ́ wá: ohun tí òun máa ń rà lòun wá rà. Láyé ìgbà kan, kí obìnrin yìí tó dúró tán ni Jẹ̀lílì á ti gbé ọjà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó wo igbá báyìí. Ó wo òwú, ó wo dígí. Ó mọ obìnrin náà. Ó mọ̀ pé nǹkan kékeré ni, ó mọ̀ pé ó ń dán, ó mọ̀ pé ó lè gún èèyàn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu Modúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi irin gbígbóná kan òun lọ́jọ́ yẹn, ì bá sàn ju dídákẹ́ lọ. Ó gé ètè jẹ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì há abẹ́ itan kí wọ́n má baà ṣe iṣẹ́ ẹnu. Èrò ń kọjá lọ, èrò ń bọ̀, Thérèse gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró. Ojú ti Modúpẹ́ fún ọkọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀.

"Abui," ni Jẹ̀lílì sọ. Ní Mina ló kọ́kọ́ dé. Ó tún pa ojú dé. "Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ olójú ńlá tí ẹ fi ń rán tìmùtìmù, Thérèse."

Thérèse pàtẹ́wọ́. Modúpẹ́ yọ ọwọ́ lábẹ́ itan, ó sì kó abẹ́rẹ́ fún oníbàárà. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá àwọn ọmọ jà bí wọ́n bá fẹ́ bá bàbá wọn parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó fòfin lélẹ̀ ló padà ń rú u, ó sì rú u pátápátá.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ wá tọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òjò á rọ̀, tí Jẹ̀lílì á jí tí orí rẹ̀ á ṣófo bí ọjà ọjọ́ kejì ọdún. Ó pe Ádámù ní Àyàndá, ó pe ìmọ́lẹ̀ ní omi. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ á jókòó sídìí ọpọ́n, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ihò àkọ́kọ́. Ó ti wá mọ̀ pé ọ̀nà tí èèyàn bá ń rìn lójoojúmọ́ ni koríko kì í bò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Sàdíátù gbé ẹ̀kọ wọlé, kò tíì kúnlẹ̀ tán, kò tíì sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ gbé orí sókè ó ní, "Sàdíátù, ṣé o sùn dáadáa?" bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀kọ náà dà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Iléyá dé, ó kọjá. Àlíù kò gbàgbé ọ̀rọ̀ tó sọ. Iṣẹ́ ti gbé e lọ sí apá àríwá fún ìgbà pípẹ́, kò mọ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ó ti bá awakọ̀ parí ètò, ọkọ̀ á gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Modúpẹ́ ti di ẹrù ọkọ rẹ̀, nítorí kò mọ bí ìyàwó ṣe ń sọ fún olórí ẹbí pé rárá. Nígbà tí Àlíù dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá Jẹ̀lílì lábẹ́ igi. Ó kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ Ọ̀fà ṣe dára tó.

Jẹ̀lílì gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mi ò lọ, Ẹ̀gbọ́n." Ó sinmi díẹ̀ kó tó rí ìyókù. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká ta ayò."

Àlíù wo Modúpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Modúpẹ́ kò bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Àgbàlagbà náà jókòó, nítorí kò fẹ́ fi ìbànújẹ́ dágbére fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀kíní, ó fi sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kejì, ó rí ibi tó ti lè jẹ nílé Jẹ̀lílì kedere, ó fò ó, ó lọ ta ibòmíràn. Jẹ̀lílì fi ọwọ́ bo ọpọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí ibẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ ẹ́."

Àlíù ní ibo nìyẹn, ojú òun kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

"Ẹ jẹ ẹ́," ni Jẹ̀lílì wí. "Bí ẹ bá ń ṣàánú mi lórí ọpọ́n, ẹ ti sin mí nìyẹn. Èmi ò tíì kú."

Àlíù ká apá agbádá rẹ̀ sókè dé èjìká, ó da gbogbo ọmọ ayò náà, ó tún un tò. Ọmọ Ọ̀fà méjì wá dojú kọra. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Àyàndá ti ilé ìwé dé, kò wọlé. Jẹ̀lílì ń ta, ó ń pe orúkọ lábẹ́lẹ̀, Àlíù gbọ́ tirẹ̀ láàárín wọn, ó ṣe bí ẹni kò gbọ́. Nínú ayò tuntun yìí, Jẹ̀lílì pa ẹ̀kíní. Ó mọ̀ ọ́n, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, ó pa á ní tòótọ́. Àlíù pa ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹta le. Jẹ̀lílì na ọwọ́ sí ilé tó fẹ́ ta, ó kà, ó tún kà, ó ta á. Àlíù rẹ́rìn-ín. Ó kó ọmọ ayò tirẹ̀, ó fi wọ́n yí ọpọ́n, ó sì jẹ ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ti parí. Jẹ̀lílì pàdánù. Modúpẹ́, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. Gbogbo wọn ń dúró de ọ̀rọ̀ ìtùnú tí àgbà ń sọ fún aláìsàn. Àlíù fara ti igi, ó gbé orí sókè, ó sì fi ohùn tí wọ́n gbọ́ dé ojú títì sọ̀rọ̀.

"Ọ̀pẹ! Ọ̀pẹ lásán-làsàn! Ta ló ní kó o wá síbi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó? Èmi tí mo gbé ọ wá sí Lomé, ǹ bá mọ̀ ni, ewúrẹ́ ni ǹ bá mú wá."

Jẹ̀lílì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ tó ti ṣubú, èèyàn rẹ̀ kankan kò tíì bú u. Ó nu ojú, ó wá èsì, gbogbo wọn sì dúró dè é, kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó rí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ̀rù ẹ̀kíní tí mo pa ló ṣì ń bà yín tí ẹ fi ń pariwo bẹ́ẹ̀."

Abẹ́ igi mì tìtì. Modúpẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó sunkún, kò bo ojú. Àlíù dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó wọ bàtà. Ó ti ń lọ kó tó yí padà sí àbúrò rẹ̀.

"Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́la ni màá tún wá pa ọ́," ó ní. "Má lọ síbì kankan o."